Mo Sanwó Kí Wọ́n Tó Gbọ́ Orin Mi

Àbúrò mi obìnrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn kan ní àwọn lè bá mi gbé orin mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ orin lókè òkun. $49 ni wọ́n ní kí n san. Ṣé kí n san án?" Ó ya àwòrán ojú ewé wọn, ó fi tẹ̀lé e. Mo wo àwòrán náà, àyà mi já. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mo ti kà rí. Kì í ṣe àwọn yìí ló gba owó tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọra bí ìbejì.

N kò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa bí mo ṣe ná ₦84,000 ní ọdún 2022, ₦30,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó ìyá wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka wa nígbà náà kò ní gbàgbé ọdún yẹn. ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko! 200 level ni mo wà. Mo padà sílé ní Abẹ́òkúta, mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìwé lọ́sàn-án, wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ fún mi. Bó bá di alẹ́, orin ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nínú orin. N kò lóhùn. Bí mo bá la ẹnu nínú ilé ìwẹ̀ pàápàá, àwọn ará ilé á bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ orin àti ohùn tó máa gbé e ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹlòmíràn ni yóò kọ ọ́. Ní òru ọjọ́ kan, ìyá àgbà bá mi níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní, "Orin ni mò ń kọ, Màmá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó dẹtí sílẹ̀, ó ní, "Èmi ò mà gbọ́ ohùn ẹ." Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Lẹ́nu wa, ẹni tó kọ orin ni ẹni tó la ẹnu. Ẹni tó dá orin ló ṣíwájú, elégbè á gbè é. Ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń to orin fún ẹlòmíràn, tí kò sì ní la ẹnu níta, kò ní orúkọ kan pàtó lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Bóyá nítorí pé a kì í sábà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni. Olórin tó bá lóhùn lè lọ dúró níbi ayẹyẹ, kó dá orin kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lówó. Ẹni tó kàn ń to orin kò ní iwájú tí wọn yóò lẹ owó mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tí yóò bá a gbé ọjà rẹ̀ kiri.

Mo sì mọ ohun tí gbígbé ọjà kiri jẹ́. Àdìrẹ ni ìyá wa ń tà ní Ìtòkú. Bí ẹ bá ti dé ọjà náà rí, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ló ni aṣọ. Alágbàtà á wá sí ìsọ̀ ìyá mi láàárọ̀, á ka aṣọ mẹ́wàá, á gbé e lọ bá àwọn oníbàárà tirẹ̀. Bí ìyá mi bá ní ₦4,000 ni òun fẹ́ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, alágbàtà lè tà á ní ₦4,500 tàbí ₦5,000; èyí tó lé, tirẹ̀ ni. Bí kò bá rí i tà, á dá aṣọ padà nírọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹnì kejì ní kọ́bọ̀. Inú irú òwò yìí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí pé n kò béèrè ohun tí ọmọ ọlọ́jà èyíkéyìí ì bá béèrè: ìgbà wo ni ẹni tó fẹ́ bá mi ta ọjà yìí máa ń jẹ èrè tirẹ̀?

Alágbàtà gidi wà nínú òwò orin. Music publisher ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń gba orin lọ́wọ́ ẹni tó tò ó, á wá olórin tàbí onífíìmù tó máa lò ó, owó tó bá wọlé ni wọ́n sì jọ ń pín. Bí orin náà kò bá rí ẹni lò ó, àwọn méjèèjì ni ebi ń pa. Àwọn tí mo bá pàdé yàtọ̀. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó to orin kí wọ́n tó gbé orin náà ẹsẹ̀ kan.

Oríṣiríṣi ni wọ́n, kò sì yẹ kí n kó gbogbo wọn pọ̀ sínú àpò kan. TAXI ti wà ní Kalifọ́níà láti ọdún 1992. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á san owó ọmọ ẹgbẹ́, á tún san díẹ̀ sí i lórí orin kọ̀ọ̀kan tó bá fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kéde pé onífíìmù kan tàbí ilé-iṣẹ́ orin kan ń wá irú orin báyìí báyìí. SubmitHub, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, àti Groover ti ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀nà mìíràn: orí ẹni kọ̀ọ̀kan tí o bá fẹ́ kó gbọ́ orin rẹ ni wàá ti san, ìyẹn àwọn tó ní búlọ́ọ̀gù tàbí playlist. Ẹni náà gbọ́dọ̀ fèsì láàárín àkókò tí wọ́n dá, òun náà sì ń rí díẹ̀ gbà nínú owó náà. Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń ní kí o mú owó wá kí àwọn fún ọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbọ́. Ẹ sá fún àwọn wọ̀nyẹn. Spotify máa ń yọ irú gbígbọ́ ayédèrú bẹ́ẹ̀ kúrò, láti 2024 ni wọ́n sì ti ń bu owó ìtanràn lé àwọn tó gbé orin náà wá bí ayédèrú náà bá pọ̀ jù.

Èyí tí èmi wọ̀ fara jọ irú àkọ́kọ́. N kò ní dárúkọ wọn. $60 ni owó ọdún kan, $5 sì ni lórí orin kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi sílẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ báǹkì kò jẹ́ kí a fi káàdì náírà ná ju $20 lọ lóṣù kan sí òkè òkun, mo sì ní láti gba káàdì dọ́là orí fóònù. ₦700 ni dọ́là kan bọ́ sí fún mi. Mo ní ₦54,000 nínú owó èsúsú tí mo dá nínú owó àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Mo lọ bá ìyá mi nísọ̀, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ san owó rẹ̀." Kò béèrè ẹ̀kọ́ wo. Ó ka ₦30,000 nínú owó ọjà lé mi lọ́wọ́.

Orin mẹ́jọ ni mo ní. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ wọ́n, àbúrò mi, tó ṣì wà ní SS2 nígbà náà, ló ń gbè é. Yàrá àwọn òbí wa ni a ti gbà á sílẹ̀. A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sílẹ̀, a ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, a sì dúró kí aládùúgbò pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Fóònù mi ni a fi gbà á. Bí mo bá ka ìkéde wọn dáadáa ni, ǹ bá ti rí i pé ohun tí wọ́n ń béèrè ni orin tí a lè gbé sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà gan-an láìtún un ṣe. Mo kà á, ṣùgbọ́n mo ní bí wọ́n bá gbọ́ bí orin ṣe dùn tó, wọ́n á gbójú fo ariwo adìyẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni mo fi orin sílẹ̀ láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá. Mọ́kànlá ni wọ́n dá padà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbí, nítorí pé òun ló mú mi pẹ́ níbẹ̀. Dídá tí wọ́n ń dá orin padà ló jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́. Mo ní bí wọ́n bá jẹ́ gbájúẹ̀, wọn ì bá ti máa yìn mí. Wọ́n ń tẹ́tí sí orin náà lóòótọ́, wọ́n ń kọ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó rí i pé $5 tí wọ́n gbà lórí èyí tí wọ́n dá padà kò yàtọ̀ sí $5 tí wọ́n gbà lórí èyí tí wọ́n mú. Yálà orin mi tà, yálà kò tà, oúnjẹ wọn ti jinná. Èmi ni oníbàárà wọn. Orin mi kọ́ ni ọjà tí wọ́n ń tà. Àǹfààní pé kí n lè fi orin sílẹ̀ ni wọ́n ń tà, èmi sì ni mò ń rà á.

Òwò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn kan ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn pé kí ẹni tó bá ní ewì fi ránṣẹ́. Wọ́n á ní ewì náà dára púpọ̀, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fi ohùn orin sí i, wọ́n á sì tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù díẹ̀ fún un. Song-poem ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀, Off the Charts, tó jáde ní 2003. Àwọn yẹn kì í dá ewì ẹnikẹ́ni padà. Àwọn ti ìsinsìnyí ń dá a padà, ìyẹn sì ni ìyàtọ̀ tí n kò lè fi dù wọ́n.

Mo tún fẹ́ sọ nípa èsì tí wọ́n ń kọ, torí pé ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín jù, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí nǹkan díẹ̀ kọ́. Ègbè orin kan parí sí "ẹ gbọ́ ìlù", ohùn orin náà sì sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí náà kò ní agbára tó. Ó ní kí n jẹ́ kí ohùn gòkè níbẹ̀. Bí mo bá ṣe ohun tó wí, ìlù á di ìlú. Ní 100 level ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ méjì yìí kọ́ wa ní iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe! Mo san ₦3,500 kí ẹnì kan tí kò gbọ́ Yorùbá lè sọ onílù mi di ìlú. Àti pé ní Abẹ́òkúta wa níbí ni Rẹ́fẹ́rẹ́ndì J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ti ń to orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń fi ohùn orin òyìnbó lọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn. Ó sì lọ gba àwọn orin rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù nínú àwọn ọdún 1920. Ǹjẹ́ ó yẹ kí èmi, ọmọ ìlú kan náà, tún lọ ra àṣìṣe yẹn padà pẹ̀lú dọ́là?

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn nínú wọn sọ fún mi pé ìṣẹ́jú kan àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá kọjá kí ègbè mi tó dé, pé olùgbọ́ yóò ti lọ. Òótọ́ ni. Mo gé ẹsẹ kejì kúrò, orin náà sì dára sí i. Bí mo ti ń jà yìí, n kò lè ní kò sí èrè kankan. Mo kàn ń wò ó pé nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa, mo lè rí ẹni mẹ́fà tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìgba ju súyà ẹ̀gbẹ̀rún kan náírà lọ, wọ́n á sì mọ̀ pé ìlù kì í ṣe ìlú.

Orin kẹsàn-án tí mo fi sílẹ̀ ni wọ́n mú. Wọ́n ní àwọn ti gbé e síwájú. Ẹni tó ń ṣe ìpolówó ọjà kan ló ń wá orin Áfíríkà tó dá lórí ìlù, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Mo jó yí gbogbo ilé ká, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, oṣù méjì kọjá. Mo kọ̀wé sí wọn pé ta ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n ní àwọn kò lè sọ. Mo tún béèrè pé nínú ọgọ́rùn-ún orin tí wọ́n bá gbé síwájú, mélòó ni ẹni tó ń wá orin máa ń rà? Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìbéèrè mi, wọ́n sì ní bí mo bá tún owó ọdún kejì san kí oṣù tó parí, àwọn yóò dín in kù fún mi.

Ibẹ̀ ni ìtàn náà ì bá parí sí bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó kan. Ní ìparí 2022, ọ̀rẹ́ mi tó kọ àwọn orin náà kọ ọ̀kan níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olórin júù tó wá ṣeré níbẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní ta ló ni orin náà. Wọ́n mú mi lọ bá a. Ó fún mi ní ₦20,000 nínú àpòòwé, ó ní òun á máa kọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Owó àkọ́kọ́ tí orin mú wá fún mi nìyẹn, ọwọ́ ẹni tó gbọ́ ọ ló sì ti wá. A kò kọ ìwé kankan.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2023, ọ̀rẹ́ mi fi ìlà kan ránṣẹ́ sí mi. Orin mi ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ègbè rẹ̀ pé pérépéré, orúkọ olórin náà nìkan ló wà níbẹ̀, fún ọ̀rọ̀ àti fún ohùn. N kò lè sùn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, àbí n ò fún ẹ lówó ni?"

Mo ní, "Ẹ fún mi, sà. Ẹ ṣé púpọ̀. Kí ẹ máa kọ ọ́ lẹ ní, sà. Ẹ ò ní ẹ fẹ́ yọ orúkọ mi kúrò."

"Ta ló máa wá mọ̀ pé ìwọ lo kọ́kọ́ ní i? Ṣé o gbé e jáde rí ni?"

Bí mo ṣe fẹ́ dákẹ́ ni mo rántí. Mo mú fóònù mi jáde, mo wọ ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó gba ₦84,000 mi. Gbogbo orin tí mo fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: àkọlé, ọ̀rọ̀ orin, orúkọ mi, àti ọjọ́ tí mo fi í sílẹ̀, 19 oṣù Kẹjọ 2022. Mo tẹ orin náà, ohùn ọ̀rẹ́ mi jáde, ohùn àbúrò mi ń gbè é, adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn. Bàbá náà gbọ́ ọ parí. Ó pe ọmọ rẹ̀ tó ń bá a gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kó lọ fi orúkọ mi sí i. Wọ́n sì fi sí i. N kò rò pé ènìyàn burúkú ni. Ó rà á bí ènìyàn ṣe ń ra aṣọ ní Ìtòkú ni: bí o bá ti sanwó, o ti gbé e lọ nìyẹn.

Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀ ṣá. Copyright Act 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ orin pátápátá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ̀tọ́ náà sì ti jẹ́ tèmi láti ìgbà tí mo ti kọ orin náà sílẹ̀ tàbí tí mo ti gbà á sínú fóònù, láìjẹ́ pé mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Bó bá di àríyànjiyàn, ẹ̀rí ọjọ́ lèèyàn nílò. Ẹ lè mú orin lọ sọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tó di pé ẹ débẹ̀, ẹ fi orin náà ránṣẹ́ sí ara yín nínú ìméèlì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i. Ọjọ́ á wà lórí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wúlò gidi tí mo rí gbà fún ₦84,000 ni ọjọ́ tó wà lójú ewé yẹn, ìméèlì ì bá sì ti fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti ronú lórí bí àwọn tó to orin fún ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wa ṣe dé ibi tí wọ́n dé. Teni wà lára àwọn tó to "Like Dat" fún Davido. Orúkọ Tems wà lára àwọn tó to "Lift Me Up" tí Rihanna kọ fún fíìmù Black Panther ní 2022, wọ́n sì yan orin náà fún ìdíje Oscar. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, gbogbo ayé ti gbọ́ ohùn Tems nínú "Essence" tí Wizkid gbé jáde ní 2020. Àwọn méjèèjì ń kọrin fúnra wọn. Lọ́dọ̀ wa, inú sítúdíò ni olórin ti sábà máa ń bá ẹni tó máa bá a to orin pàdé, lójúkojú, lóru, pẹ̀lú oníbíìtì tó ti sùn lọ sórí àga. Ẹni tí kò bá sí nínú yàrá yẹn, ó ṣòro kí fọ́ọ̀mù $5 gbé e wọlé. Bí mo bá fi ₦84,000 náà lọ sí sítúdíò tó wà lẹ́yìn ilé wa, tó ń gba ₦15,000 fún ọjọ́ kan nígbà náà, mo lè lọ nígbà márùn-ún, kí n sì mọ gbogbo olórin tó ń wọ ibẹ̀.

Ẹni tí irú iṣẹ́ yìí lè ṣe lóore wà. Bí ẹnì kan bá ní orin tí a gbà sílẹ̀ dáadáa, tí kò ní ọ̀rọ̀ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun nìkan ló ni gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí ó ní àádọ́ta bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, tí owó náà kò sì ní dí i lọ́wọ́ oúnjẹ, kó gbìyànjú rẹ̀. Orin ìpolówó àti ti fíìmù ń fẹ́ irú ẹ̀. Èmi kò sí nínú àwọn yẹn, àbúrò mi kò sì sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, mo pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí $60 títí dé ọ̀dọ̀ olórin júù. Ó dákẹ́ pẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn tí mo bá yín gbè nínú yàrá Màámi yẹn náà ni?"

Mo ní òun ni.

"Màámi mọ̀?"

Mo ní rárá.

"Ẹ sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó gbọ́ ìyókù."

Mo pe Màámi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé wọ́n á bínú nítorí irọ́ tí mo pa, wọ́n sì bínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni: "Nígbà tí wọn ò rí i tà, kí ni wọ́n dá padà fún ẹ?" Mo ní wọn kì í dá nǹkan kan padà. Wọ́n ní, "Wọn kì í ṣe alágbàtà nìyẹn." Wọ́n wá ní kí n jẹ́ kí olórin júù mọ̀ pé bí owó kan bá jáde lórí orin yẹn, ₦30,000 tàwọn ló ṣáájú.

Mo padà pe àbúrò mi. Mo ní kó má san $49 náà. Mo ṣàlàyé fún un pé Spotify, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 2021, ní ọ̀nà tí olórin lè gbà fi orin tí kò tíì jáde han àwọn tó ń to playlist wọn, pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé kó rí i dájú pé ó ṣe é ó kéré tán ọjọ́ méje kí orin náà tó jáde. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní òun á ṣe é, ṣùgbọ́n òun ṣì fẹ́ fi owó tí kò tó $10 san fún ẹni mẹ́ta lórí ọ̀kan lára àwọn ojú ewé tí wọ́n ti máa ń fèsì, torí pé gbogbo ẹni tó ti gbọ́ orin òun ló mọ òun, wọ́n sì ń yìn ín. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí àlejò máa sọ. Mo fẹ́ jiyàn, mo rántí ẹsẹ kejì tí mo gé, mo panu mọ́. Owó tirẹ̀ ni, ó sì mọ ohun tó ń rà.

Ẹni mẹ́ta náà ti fèsì. Ẹnì kan ní kì í ṣe irú orin tí òun ń gbé jáde. Ẹnì kejì ní ohùn rẹ̀ dùn, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta ní ègbè náà pẹ́ kó tó dé. Ó fi èyí tó kẹ́yìn yìí ránṣẹ́ sí mi, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá bá mi gé e."